Àtúnṣe: Kò dìgbà tí ọkọ bá lu ìyàwó kí òfin tó dá sí i

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé bí ọkọ bá gba káàdì ATM ìyàwó rẹ̀, tí kò ṣáà ti nà án, ọ̀rọ̀ ilé ni, òfin Nàìjíríà kò dá sí i.

Irọ́ ni. Abala 12 òfin VAPP, ìyẹn òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tó bá fi owó jẹ ẹlòmíràn níyà lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 2, tàbí kó san ìtanràn tó lè tó ₦500,000, tàbí méjèèjì. Àbújá ni òfin yẹn ti múlẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì ń ṣe tiwọn. Ti Èkó ti wà láti 2007. Kì í sì í ṣe obìnrin nìkan ni òfin yìí ń dáàbò bò o, ó ń dáàbò bo ọkùnrin náà.

Àìlówó lọ́wọ́ ọkọ kọ́ la ń wí. Ẹni tó ń gba owó oṣù ẹni, tó ní ká pa ṣọ́ọ̀bù tì, tó ń yá owó lórúkọ ẹni, òun gan-an la ń wí.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ yín, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò tíì kúrò. Owó ọkọ̀ gan-an lè má sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a tọ́jú ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, ẹ má sì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà ń ṣọ́.