Táyà Tó Ya Kò Bí Mi Nínú Tó Ìrànlọ́wọ́ Tí Mo Sanwó Fún

Ọdún kẹfà nìyí tí mo ti ń san owó ọdọọdún fún ilé-iṣẹ́ kan tó ṣe ìlérí pé ibikíbi tí ọkọ̀ mi bá ti dá mi dúró, ìbáà jẹ́ ọ̀sán, ìbáà jẹ́ òru, òun yóò wá bá mi níbẹ̀. Láàrin ọdún mẹ́fà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pè wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko báyìí, inú tó bí mi lóru ọjọ́ náà kò sì tíì rọ̀.

Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, títì márosẹ̀ sì ń dán fún omi. Ìyá mi, tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kòtò kan tí omi ti kún bò ni táyà iwájú lápá ọ̀tún já sí. Ó dún gbì, kí n sì tó mọ ohun tí mo gbá, ọkọ̀ ti ń wọ́ mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ táyà ti dín kù sì ti tàn níwájú mi. Mo rọra darí ọkọ̀ lọ sí etí ọ̀nà, mo tan iná ìkìlọ̀, mo bọ́ sílẹ̀, mo sì fi iná fóònù wo táyà náà. Ó ti ya. Ojú yíya náà gùn tó ìka ọwọ́ mi, ẹ̀gbẹ́ táyà ló sì wà, kì í ṣe ojú tó ń tẹ ilẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ táyà yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ẹjọ́ mi dá lé.

Ẹni tó bá ti jókòó ti fọkanáísà rí mọ ìyàtọ̀ náà. Bí ìṣó bá gún táyà ní ojú tó ń tẹ ilẹ̀, níbi tí rọ́bà ti nípọn, a lè tú táyà náà kúrò lára rímù, kí a yẹ inú rẹ̀ wò, kí a sì dí ihò náà láti inú wá. Ẹ̀gbẹ́ táyà kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń tẹ̀, ó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí, àwọn fọ́nrán tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń bá a gbé ẹrù ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti já, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ mọ́ ọn tí yóò dúró. Táyà tó bá ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kú. Kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí a gbé ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀, kò tún sí ọ̀nà kẹta.

Mo ṣí búùtù, mo sì gbé ohun tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ rẹ̀ sókè. Níbi tó yẹ kí táyà sípíà wà, ìgò oje kan tí a ń fín sínú táyà láti dí ihò ni mo bá, pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré kan tó ń lo iná ọkọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti sọ fún mi nígbà tí mo ra ọkọ̀ náà pé kò ní sípíà, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń fún mi ní ẹ̀bùn: pé ọkọ̀ yóò fúyẹ́, pé epo tí yóò máa jẹ yóò dín kù, pé àyè ẹrù yóò pọ̀ sí i. Rímù kan pẹ̀lú táyà rẹ̀ máa ń wúwo tó kìlógíráàmù 15 sí 20. Ìwúwo ọmọ ọdún márùn-ún kan ni wọ́n yọ kúrò nínú ọkọ̀ náà, wọ́n sì fi èmi àti ìyá mi sílẹ̀ sójú títì nítorí rẹ̀. Oje inú ìgò náà kò lè ṣe ju kí ó dí ihò ìṣó lọ, ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ, lójú táyà tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan. Ara ìgò náà gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ara rẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé agbára oje náà ti tán láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ọkọ̀ yìí lọ fún àyẹ̀wò láàrin ọdún méjì yẹn. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbowó, kò sì sí ẹnì kan tó wo ìgò náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé awakọ̀ tó gbọ́n a máa wá sípíà tirẹ̀ sínú ọkọ̀, a sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ táyà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ tí mo lò ṣáájú èyí ní sípíà, ó ní jáàkì, ó ní sípánà, mo sì mọ iṣẹ́ náà: kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a fi òkúta há táyà tó wà ní òdìkejì, kí a dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí a tó gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ti ara bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró. Ọjọ́ tí táyà rẹ̀ jò, nọ́ọ̀tì kò tú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, níbi tí wọ́n ti bá mi pààrọ̀ táyà, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń lo afẹ́fẹ́ dì wọ́n pinpin. Ìwé ọkọ̀ náà sọ pé 120 newton-metre, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì, ni kí a fi dì wọ́n. Sípánà tó wà nínú búùtù kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Ẹni tó bá dì í mú ní ìparí ní láti tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìwúwo tó tó kìlógíráàmù 40 kí nọ́ọ̀tì tí a dì bẹ́ẹ̀ tó mira, bí wọ́n bá sì ti dì í ní ìlọ́po mẹ́ta, ó di kìlógíráàmù 120. Gbogbo ara mi kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo gun orí sípánà náà, mo fi gbogbo agbára mi tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀, ó jẹ igun nọ́ọ̀tì náà dànù, ó sì bó mi lórúnkún. Ẹni tó di nọ́ọ̀tì yẹn kò lò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ lórí rẹ̀, kò sì rò ó rárá pé ẹlòmíràn yóò fẹ́ fi ọwọ́ lásán tú u lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ yẹn ló mú kí n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí. Ibi tó ti ń ká mi lára jùlọ sì nìyí. Ẹni tó di nọ́ọ̀tì sọ agbára ọwọ́ mi di asán, ẹni tó ṣe ọkọ̀ mú sípíà kúrò nínú búùtù, nígbà tí kò sì sí ohun tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe mọ́, ẹnì kẹta gbé ìrànlọ́wọ́ kalẹ̀ fún títà. Mo rà á, mo sì sanwó rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kí n tó béèrè fún un.

Mo pè wọ́n. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló dá mi lóhùn. Ó ní kí n tẹ 1, kí n tẹ 3, kí n tẹ nọ́ńbà tí mo fi forúkọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún sùúrù mi. Láàrin ìṣẹ́jú 17, ìgbà 14 ló dúpẹ́ fún sùúrù mi. Mo kà á. Èmi kò fún wọn ní sùúrù kankan. Kí ènìyàn dúró nítorí pé kò síbi tó máa gbà kì í ṣe sùúrù, ó sì dùn mí pé ìwà tí àwọn àgbà wa ń pè ní baba ìwà ni wọ́n sọ di ohun tí ẹ̀rọ ń kọ lórin sí ẹni tí wọ́n pa tì.

Nígbà tí ọmọ ènìyàn gbé ìpè náà níkẹyìn, ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè orúkọ mi, ó béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí mo ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó béèrè ọjọ́ ìbí mi, nọ́ńbà ọkọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀, àwọ̀ ọkọ̀. Ó ní kí n lọ ka nọ́ńbà gígùn tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, nínú òkùnkùn, ní ẹ̀gbẹ́ tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń gbà kọjá. Mo sọ fún un pé táyà mi ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò sì ní sípíà. Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé táyà jò. Mo ní rárá, kò jò, ó ya ni, ẹ̀gbẹ́ ló sì ti ya. Ó ní kò sí àyè fún ìyẹn lójú kọ̀ǹpútà òun, “táyà jò” nìkan ló wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí òun lè yàn. Ohùn rẹ̀ tutù, kò fi àbùkù kàn mí, n kò sì dá a lẹ́bi. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà ni mo dá lẹ́bi. Àwọ̀ ọkọ̀ wúlò fún ẹni tó ń wá a lóru, mo gbà. Ṣùgbọ́n níbo ni táyà ti bàjẹ́, ṣé sípíà wà àbí kò sí, ìbéèrè méjì yìí ló ń sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n máa rán wá, ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ fọkanáísà kò sì ní gbàgbé láti béèrè wọn.

Wọ́n ní ìṣẹ́jú 45 ni ìrànlọ́wọ́ yóò gbà. Mo mú ìyá mi sọ̀kalẹ̀ lápá tí ọkọ̀ kì í gbà kọjá, mo sì mú un lọ sẹ́yìn irin tó wà létí ọ̀nà, nítorí inú ọkọ̀ tó dúró sétí títì márosẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń fi ènìyàn sí. Mo rìn padà lọ gbé àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta kalẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 50 sẹ́yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mítà 28 kọjá nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. A jẹ́ pé láti ibi àmì náà dé ara ọkọ̀ wa kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Mo ṣe ìṣirò yìí lọ, mo ṣe é bọ̀, bí mo ṣe dúró níbẹ̀, omi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń ta sí wa lára sì ti mú kí aṣọ ìyá mi rin gbindin. Ó bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé àwọn tí o sanwó fún yìí ṣì ń bọ̀?” N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Lójú áàpù wọn, olùrànlọ́wọ́ wa ku ìṣẹ́jú 12. Ó ku ìṣẹ́jú 12 fún odindi ìṣẹ́jú 40.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50 kọjá kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dé. “Ẹ kú ìdúró o, Màmá. Ẹ kú òtútù.” Ó kí ìyá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ó tó wo ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí táyà náà, ó sì dákẹ́. Pọ́ǹpù ló gbé wá, àti rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ ihò ìṣó, nítorí “táyà jò” ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní bí wọ́n bá ti sọ fún òun pé ẹ̀gbẹ́ ló ti ya, òun kò ní yọjú rárá. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ mìíràn lé ni wọn ì bá rán wá. Ó pe ọ́fíìsì wọn, ohùn ẹ̀rọ náà sì dúpẹ́ fún sùúrù tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ọkọ̀ pẹlẹbẹ náà dé ní agogo kan òru kọjá ìṣẹ́jú 10. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ láti gbé ọkọ̀ mi lé e.

Ní ọjọ́ kejì, mo kọ lẹ́tà sí wọn. N kò béèrè owó. Ohun tí mo béèrè ni pé kí wọ́n fi ìbéèrè méjì yẹn kún fọ́ọ̀mù wọn. Èsì wọn dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní ìṣẹ́jú 45 tí wọ́n sọ lórí fóònù kì í ṣe àdéhùn, pé wákàtí méjì ló wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, àti pé ẹni tó kọ́kọ́ dé kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó wá lẹ́yìn, ìpè kejì ni wọ́n kà á sí, òun náà kò sì pé wákàtí méjì kó tó dé. Ìpè méjì ni ìwé wọn ní mo pè, méjèèjì ni wọ́n sì kọ sílẹ̀ pé àwọn jẹ́ dáadáa. Nípa fọ́ọ̀mù, wọn kò sọ ohunkóhun.

Owó ọdún keje kò ní ti ọwọ́ mi jáde. Mo ti ra rímù àti táyà sípíà, mo ti ra sípánà ọlọ́wọ́ gígùn, mo sì dúró ti ẹni tó di nọ́ọ̀tì mi títí tó fi gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ tó fi ọwọ́ dì wọ́n. Síbẹ̀, láti òru ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìyá mi kì í gbà mọ́ láti wọ ọkọ̀ tí mo bá ń wà.