"Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Fúnra Rẹ, Kí Orúkọ Rẹ Má Bàa Bàjẹ́": Ẹ Má Gbà Á

Ìmọ̀ràn kan wà tó ti di àṣà láwọn ọ́fíìsì wa. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, tó o sì gbọ́ pé orúkọ rẹ wà níbẹ̀, wọ́n á ní kó o yáa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ. Wọ́n ní ó buyì ju kí wọ́n dá èèyàn dúró lọ. Wọ́n ní ibi tó o bá tún ti lọ wáṣẹ́, wọ́n á bi ọ́ léèrè, ojú á sì tì ọ́. Ẹ̀gbọ́n ń sọ ọ́ fún àbúrò, àwọn HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) náà sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàánú èèyàn. Ilé iṣẹ́ ni àánú ọ̀hún ń ṣe lóore.

Ẹ wo bó ṣe sábà máa ń lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n á máa pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan wọ yàrá ìpàdé. Kó tó jókòó, íméèlì rẹ̀ ò ṣí mọ́. Wọ́n á gba káàdì ìdánimọ̀, wọ́n á gba laptop. Ìwé kan ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, déètì ọjọ́ náà wà lókè rẹ̀: èmi lágbájá fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ láti òní lọ, fún ìdí tó kan èmi nìkan. Ibi ìfọwọ́sí nìkan ló ṣófo, bírò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ fọwọ́ sí i, a máa kọ reference tó dáa fún yín." Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni lè rí irú ìwé yẹn kó má bi ara rẹ̀ pé, ta ló ń bá mi tẹ ìdí tó kan èmi nìkan?

Ní ti pé orúkọ á bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin pe ọ̀rọ̀ yìí. Abala 20 nínú Labour Act ilẹ̀ Nàìjíríà ní redundancy ni kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn pátápátá, láìjẹ́ pé òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ìyẹn. Ẹni tí wọ́n lé nítorí olè tàbí jìbìtì, ìyẹn ní àbàwọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé tó sọ pé ipò yín ò sí mọ́ ò sọ pé ẹ ò mọṣẹ́. Bí wọ́n bá bi yín níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, "wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ó kan ẹ̀ka wa" ti tó. Ẹni tó ń bi yín gan-an lè ti rí irú rẹ̀ rí. Èyí tó máa ń ṣòro láti ṣàlàyé ni pé ẹ kàn jí lọ́jọ́ kan, ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀ "láti òní", láìní òmíràn lọ́wọ́.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń fẹ́ ìwé yẹn? Abala 20 kan náà ni. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ìdí tí òun fi fẹ́ dín èèyàn kù àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ó ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé pẹ̀lú. (Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé òfin de ọ̀gá pátápátá lórí ẹni tó dé kẹ́yìn ò rí i kà tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá tó fi àna rẹ̀ tó dé lánàá sílẹ̀, tó mú ẹni ọdún 10, gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí hàn pé àna náà mọṣẹ́ jù.) Ó sì ní kó sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dúnàádúrà lórí owó tí wọ́n máa san. Ẹni tó bá kọ̀wé lọ "fúnra rẹ̀" ti yọ agbanisíṣẹ́ nínú gbogbo wàhálà yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, nígbà tí àwọn báǹkì ń dá òṣìṣẹ́ dúró, Chris Ngige tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà náà pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró ná. Àṣẹ bẹ́ẹ̀ ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìwé ti sọ pé òun ló lọ.

Ẹ tún ṣírò owó. Ká ní ẹnì kan ti lo ọdún 6, tó ń gba ₦180,000 lóṣù. Abala 11 ní ẹni tó bá ti pé ọdún 5, nótíìsì oṣù 1 ló tọ́ sí i, tàbí kí wọ́n san owó oṣù náà dípò rẹ̀. Àmọ́ nótíìsì yẹn kan tọ̀túntòsì. Ẹni tó kọ̀wé pé òun ń lọ láti òní, òun ló jẹ ilé iṣẹ́ ní nótíìsì. Ìfọwọ́sí ẹyọ kan ti sọ ẹni tó yẹ kó gba ₦180,000 di ẹni tí wọ́n lè ní kó san ₦180,000. A ò tíì dé orí owó redundancy o. Òfin kò dá iye kan sí ìyẹn; inú handbook (ìwé ìlànà ilé iṣẹ́) tàbí àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ilé iṣẹ́ ṣe lẹ ti máa rí i.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pamọ́. Labour Act kò ka àwọn máníjà, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ mọ́ àwọn tó ń dáàbò bò. Bẹ́ ẹ bá wà ní ipò bẹ́ẹ̀, ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti handbook yín lẹ máa dì mú. Ṣùgbọ́n National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, ilé ẹjọ́ náà sì ti gbà pé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ èèyàn, ìdádúró ló jẹ́. Ọrùn òṣìṣẹ́ ni ẹ̀rí rẹ̀ wà, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ sì ti ń kùnà.

Torí náà, ẹ má fọwọ́ sí i nínú yàrá yẹn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ mú un lọ kà" kì í ṣe àfojúdi. Bí wọ́n bá fi dandan lé e pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti rí i gbà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ gba ìwé náà ṣùgbọ́n ẹ ò fara mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi déètì àti aago sí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ fi íméèlì tiyín kọ̀wé sí HR: ẹni tó wà níjòókòó, ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó tẹ ìwé náà. Bí alert owó tí wọ́n san bá wọlé, ẹ má kàn dákẹ́, nítorí àwọn adájọ́ wa máa ń wo ẹni tó gba owó láìjanpata bí ẹni tó ti gbà pé ọ̀rọ̀ parí. Handbook àti payslip sì sábà máa ń wà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ yín, nítorí náà ìgbà tí àhesọ ìdínkù bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ní ẹ̀dà wọn nílé.

Mi ò sọ pé ilé ẹjọ́ máa dá yín padà sórí àga yín. Níbi iṣẹ́ aládàáni, owó ni wọ́n sábà máa ń dá fúnni. Òṣìṣẹ́ báǹkì lè kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ NUBIFIE tàbí ASSBIFI (ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì; ASSBIFI ni tàwọn òṣìṣẹ́ àgbà) lọ, ará Èkó sì lè lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí ìjọba ti ń bá èèyàn parí aáwọ̀, níbi tí wọn kì í ti í gba kọ́bọ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá dá àwọn dúró, owó pẹ́ńṣàn á wọmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ Pension Reform Act ọdún 2014, ohun tó wà nínú àkáǹtì RSA yín (àkáǹtì tí owó pẹ́ńṣàn yín ń wọ̀), tiyín ni, ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà kúrò. Ẹni tí kò tíì pé ẹni ọdún 50, tó lo oṣù 4 láìríṣẹ́ mìíràn, lè bèèrè títí dé ìdá 25 nínú 100 rẹ̀. PFA, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣàn yín, á ní kẹ́ ẹ mú ìwé tó fi hàn pé ẹ ti kúrò níbi iṣẹ́ wá, ìwé redundancy sì wúlò fún ìyẹn.