Àtúnṣe: Wíwẹ ọmọ ní kété tí a bí i kọ́ ló ń dènà òórùn ara

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé, bí a kò bá fi omi gbígbóná àti kànìnkànìn bó ohun funfun tó wà lára ọmọ tuntun kúrò ní kété tí a bí i, ọmọ náà yóò máa rùn títí dàgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ààbò ni ohun funfun náà jẹ́ fún awọ ọmọ. Òógùn abíyá àti kòkòrò àìfojúrí ló ń fa òórùn àgbà. Òtútù, tó tètè ń mú ọmọ tuntun, ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a dúró di wákàtí 24 kí a tó wẹ̀ ẹ́, tàbí wákàtí 6 ó kéré tán. Ẹ bi nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí yín léèrè, kí ẹ sì fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí àwọn ìyá àgbà tó ń fi ìfẹ́ wẹ ọmọ.