Irọ́ ni pé ẹni tí kò ka jọ́gíráfì tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe másítà rẹ̀

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò wa ní Ìgbógbó, níbi ní Ìkòròdú, ọmọbìnrin kan tó ka físíìsì béèrè bí òun ṣe lè ṣe másítà nínú jọ́gíráfì, bóyá nílé, bóyá ní Amẹ́ríkà. Kí n tó ka ìbéèrè rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n kan ti fi ohùn ránṣẹ́: "Àbúrò, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Ẹni tí kò bá ka jọ́gíráfì ní dìgírì àkọ́kọ́, kò sí ilé ìwé tó máa gbà á." Kíá, àwọn èèyàn ti ń fi àtàǹpàkò gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà ní "ẹ ṣé sà," ó sì panu mọ́. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, irọ́ ni.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. JAMB ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ka jọ́gíráfì láti ọdún kìíní, wọ́n á ní kó ní jọ́gíráfì nínú ìdánwò rẹ̀. Òótọ́ ni ìyẹn, àmọ́ JAMB kọ́ ló ń gbani sí másítà.

Sitatísíìkì ni èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kà. Láti ìgbà tí mo ti ṣe wáẹ́ẹ̀kì, mi ò fojú kan ìwé jọ́gíráfì mọ́ títí mo fi gba fọ́ọ̀mù másítà. Wọ́n gbà mí. Wọ́n kàn ní kí n lọ jókòó ti àwọn ọmọ ọdún kejì nínú kọ́ọ̀sì tó dá lórí kíka máàpù àti èyí tó dá lórí bí odò àti òjò ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń pè mí ní àǹtí, ojú ń tì mí díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó wá kan kọ́ọ̀sì ìṣirò, àwọn tó ti ń ka jọ́gíráfì bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sá wá.

Ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka jọ́gíráfì níbẹ̀ ń béèrè nìyí: dìgírì àkọ́kọ́, máàkì tó tó 3.0 nínú 4.0, transcript (ìwé tí ilé ìwé kó gbogbo máàkì èèyàn jọ sí), lẹ́tà mẹ́ta láti ọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹni, ìwé tí èèyàn á fi ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, àti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì bíi TOEFL tàbí IELTS fún àwọn tí wọ́n bá ní kó ṣe é. GRE, ìdánwò àṣewọlé tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa, ọ̀pọ̀ ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìgbà kòrónà. Bí ẹ̀kọ́ èèyàn bá jìnnà sí jọ́gíráfì jù, wọ́n á fún un ní kọ́ọ̀sì díẹ̀ kó fi dí àlàfo, bí wọ́n ṣe ṣe fún mi nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan bí 30 yúníìtì ni másítà fúnra rẹ̀, ọdún méjì lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tàbí láìsí i. Ẹni tó bá ń lọ sí PhD á ṣe ìdánwò ńlá, á gbé àbá ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀, á kọ ìwé ìwádìí náà, á sì wá dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. (Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Harvard lẹ máa lọ. Láti 1948 ni wọ́n ti pa ẹ̀ka jọ́gíráfì tiwọn rẹ́.)

Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé àwọn yunifásítì sílẹ̀ ná, ẹ wo àwọn èèyàn. Ta ni kò mọ Michael Goodchild nínú àwọn tó ń ṣe GIS, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí máàpù? Físíìsì ló kà ní Cambridge, ó gboyè ní 1965. Ní 1969, ó gba PhD nínú jọ́gíráfì ní McMaster, ní Kánádà, ó sì wá di ògbóǹtarìgì olùkọ́ jọ́gíráfì ní Santa Barbara, ní California. Físíìsì o! Ohun tí ọmọ Ìgbógbó yìí kà gẹ́lẹ́. Ellen Churchill Semple ńkọ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì Amẹ́ríkà, ní 1921? Ìtàn ló kà. Ó rin ìrìn àjò lọ sí Leipzig, ní Jámánì, kó lè gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu Friedrich Ratzel, àgbà onímọ̀ jọ́gíráfì, nígbà tí wọn kì í forúkọ obìnrin sílẹ̀ níbẹ̀. Ratzel tó lọ bá gan-an, ìmọ̀ nípa ẹranko lòun náà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní Akin Mabogunje tiwa, tó di ààrẹ ẹgbẹ́ jọ́gíráfì àgbáyé ní 1980, jọ́gíráfì ló kà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló ní kó má kà á?

Físíìsì tí wọ́n ní á dènà fún ọmọ yìí, èmi rí i bí ohun tó máa gbé e wọlé. Gbogbo wa la mọ ohun tójú Ajégúnlẹ̀ àti Májídùn ń rí bí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, tí odò Ògùn sì kún. Bí ẹ bá ní kí satẹ́láìtì tó ń ya fọ́tò lásán wo ibẹ̀ lásìkò òjò, ìkúukùu nìkan ló máa rí. Satẹ́láìtì Sentinel-1, tí àwọn ará Yúróòpù gbé sókè ní 2014, rádà ló ń lò. Ìtànṣán rádà ń la ìkúukùu kọjá. Bó bá bọ́ sórí omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, á ta lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní padà sọ́dọ̀ satẹ́láìtì, ìdí nìyẹn tí ibi tí omi ti bò fi máa ń dúdú nínú àwòrán. Ọ̀fẹ́ ni àwọn àwòrán náà, kò sẹ́ni tó ń sanwó. Ta ni yóò tètè lóye ìyẹn láàárín ẹni tó ka físíìsì àti ẹni tó há orúkọ olú ìlú sórí?

Ó dáa, mo gbà, àwọn ilé ìwé kan wà nílẹ̀ wa tó máa ní kí èèyàn kọ́kọ́ ṣe PGD, ìyẹn dípúlómà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, àwọn mìíràn sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èèyàn ka ohun tí wọ́n kọ kó tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ohun tó ń dá àwọn èèyàn dúró nílé níbí, kì í ṣe orúkọ dìgírì. Sẹ́kọ́ǹdì kíláàsì lówà ni, ìwé NYSC ni, kírẹ́díìtì márùn-ún ti wáẹ́ẹ̀kì ni. Transcript wá ni bàbá gbogbo wọn, torí ilé ìwé tí èèyàn ti jáde ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo mọ àwọn tí transcript wọn kò dé títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, kí ọmọ náà lọ béèrè fún transcript rẹ̀ láti òní. Kó wá olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí omíyalé tàbí satẹ́láìtì, kó kọ lẹ́tà kúkúrú sí i, kó sọ ohun tó fẹ́ wádìí àti ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kó béèrè bóyá iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ wà tó máa bá a san owó ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà máa ń ti ilẹ̀kùn láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní fún àwọn tó máa wọlé lóṣù Kẹjọ.