Kíkíyèsí ìdàgbà nìkan kò tó

Àpilẹ̀kọ kan tí mo kà nípa ọ̀sìn ẹlẹ́dẹ̀ ní ẹlẹ́dẹ̀ tó bá tètè dàgbà, tí ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ni ká máa yàn fún ìbísí. Fún ẹran tó dára gan-an, ìyẹn léwu. Bí ọ̀rá ẹ̀yìn bá ṣe ń dín kù láti ìran dé ìran, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá wínníwínní inú ẹran pupa ń dín kù, ọ̀rá inú ẹran yìí ló sì ń mú ẹran rọ̀, tó ń jẹ́ kó dùn. Ó yẹ kí ọ̀rá yìí tó ìdá 2 sí 3 nínú 100 ẹran náà. Ẹ fi ẹ̀rọ ultrasound, tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, wò ó lára ẹlẹ́dẹ̀ tó ti tó nǹkan bíi kílò 100, kẹ́ ẹ tó yan akọ. Akọ ẹ̀yà ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ́ Duroc ló dára jù níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kó gun abo tó jẹ́ àdàlù ẹ̀yà Landrace àti Large White, torí wọ́n ń bímọ púpọ̀, wàrà wọn sì ń tó ọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ẹ̀yà Pietrain wọlé láìyẹ jíìnì halothane rẹ̀ wò, ìyẹn jíìnì tó lè ní àbùkù tí kì í jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ lè fara da ìnira! Èyí tó bá jogún àbùkù yẹn lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá lè kú lójijì nínú ọkọ̀. Ẹran rẹ̀ á funfun, á rọ̀ jù, omi á máa kán lára rẹ̀, torí ásíìdì ti pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ wọn pH, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó hàn (bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì pọ̀ tó), ní ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn pípa. Bí kò bá tó 6.0, ẹ fura.