Eyín Tèmi Ń Ro Mí, Mo Ń Ṣa Ti Ẹja

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó oṣù méjì tí eyín kan ti ń ro mí lápá òsì. Dókítà eyín ní Maryland níbí dárúkọ owó tó máa gbà, mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Mo ṣì ń rò ó ni ìyàwó mi ní ká gbé ọmọ lọ sí Calvert Cliffs, ọgbà ìgbafẹ́ kan létí omi, ká lọ ṣa eyín ẹja ekurá, ìyẹn shark.

Ìrìn bíi kìlómítà 3 nínú igbó ni, ká tó dé etí omi. Ìyá mi pè lójú ọ̀nà.

"Àkànní, níbo lo ń lọ?"

"Mo ń lọ ṣa eyín ni, Mọ́mì. Ti ẹja tó ti kú láti bíi mílíọ̀nù ọdún 10 sí 20."

Wọ́n dákẹ́. "Babaláwo wo ló rán ọ?"

Ẹja yìí gan-an ló jẹ ayé. Eegun rẹ̀ rọ̀ bí etí wa, kì í pẹ́ jẹrà, eyín ló máa ń kù. Ìlà-ìlà ni eyín ọ̀hún tò: ti iwájú yọ, ti ẹ̀yìn bọ́ síwájú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń yọ kó tó kú, kò sì san kọ́bọ̀. Àwa ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n fún wa, a sì ti ju ti àkọ́kọ́ sórí òrùlé kí aláǹgbá má baà rí i.

Asẹ́ gàrí ni ìyàwó mi gbé wá. Ọmọbìnrin òyìnbó kan, kò ju ọmọ ọdún méje lọ, ló di ọ̀gá mi. Mo gbé dúdú kan tó ń dán fún un. "Òkúta." Mo gbé òmíràn. "Ìkarahun." Kò tiẹ̀ fi "sà" kún un! Ó wá fi èékánná mi ra etí ọ̀kan: ó rí ṣákiṣàki bí ayùn. Ti snaggletooth nìyẹn, irú ekurá kan. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn bí abẹ́rẹ́, ti sand tiger ni, irú ekurá mìíràn. Ó ní àwọn èròjà inú ẹrẹ̀ ló wọ inú wọn tí wọ́n fi dúdú. Pé bó bá funfun, tuntun ni.

Eyín megalodon, ekurá ńlá ayé àtijọ́, eyín tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, ni gbogbo wa ń wá. Òkè ẹ̀bá omi tó ń ya lulẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde, àmọ́ wọ́n ti kọ̀wé síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dé abẹ́ rẹ̀. Là ń wò ó lókèèrè bí ọmọ àlejò tó ń wo ẹran nínú ìkòkò onílé.

Ebi wá dé. Ìyàwó mi yọ kókóró jáde, mo ju ẹyọ kan sẹ́nu. Káà! Nǹkan jábọ́ sínú iyanrìn.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá mi ti gbé asẹ́ dé. Ó bu iyanrìn, ó jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mú nǹkan kan, ó fọ̀ ọ́ nínú omi, ó gbé e sójú oòrùn.

"Ti ẹja kọ́ lèyí," ó ní. "Tuntun ni."

Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ ẹ.