Ẹni Gẹṣin, Ilẹ̀ Ló Ń Bọ̀

Agbéraga la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n ní Àríwá níbí, níbi tí ẹṣin kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ó bá ẹni tó rò pé ohun ìní ni yóò fún òun láyọ̀ kalẹ́ wí pẹ̀lú.

Ẹ wo ẹṣin tí wọ́n ń gùn lọ́jọ́ Sallah ní Kano. Gàárì rẹ̀ ń dán, ó kún ojú. Ẹ padà dé ìso rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹṣin tó wọn kìlógíráàmù 400 ń jẹ bíi kìlógíráàmù 8 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́: koríko, àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní harawa. Omi rẹ̀ tó lítà 20 sí 40. Ẹni tó bá ṣọ́ owó koríko, tó wá ń da ọkà sí i lẹ́nu, inú ni yóò máa run ún. Ẹṣin kò sì lè bì, inú rírun náà sì lè pa á. Ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún lolówó fi ń gun ẹṣin. Ọjọ́ yòókù, ẹṣin ló ń gun olówó.

Ayọ̀ pàápàá ń sọ̀ kalẹ̀. Ní 1978, Philip Brickman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fọ̀rọ̀ wá èèyàn 22 tó jẹ lọ́tìrì ńlá ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, lẹ́nu wò. Inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ju ti àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Oúnjẹ àárọ̀, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, àwàdà, kò tiẹ̀ dùn mọ́ wọn tó bó ṣe ń dùn mọ́ àwọn yòókù. Owó ti mọ́ wọn lára.

A ò ní kówó má dáa o. Ẹni tí kò mọ ibi tí owó ilé ọdún tó ń bọ̀ yóò ti wá ní Nyanya l'Abuja, owó á jẹ́ kó rí oorun sùn.

Kí ẹ tó ra nǹkan ńlá, ẹ kọ ohun tí yóò máa jẹ fún oṣù 12 sílẹ̀. AC náà, agbára ẹṣin ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀: ẹṣin kan ààbọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi ń jẹ yúnìtì iná kan ó lé ní wákàtí kan. Nígbà tí yúnìtì Band A, ìyẹn ti àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, di ₦225 ní oṣù Kẹrin 2024, wákàtí 8 lóru kò dín ní ₦1,800. Ọgbọ̀n òru, ₦54,000. Ta ló ń rántí ìyẹn bó ṣe ń ná ọjà ní Wuse?

Ẹ wá fi ohun tí ẹ fẹ́ rà sílẹ̀ fún oṣù kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá yóò ṣì máa wù yín. Ohun tí a bá jọ ń lò kì í tètè súni. Mọ́tò tó ń gbé aládùúgbò mẹ́ta láti Kubwa lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ẹ̀rín ń jáde nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi tapólì bò de òde ìgbéyàwó, bátìrì rẹ̀ lè kú láàárín oṣù méjì, táyà á sì tẹ́ síbi tó jókòó sí.